Gígé apá kan nínú string (ọ̀wọ́ lẹ́tà àti àmì) ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà

Ìbéèrè: s = "INV-2024-0173.pdf". Mo fẹ́ yọ 0173, àmọ́ s[9:12] ń fún mi ní "017". Níbo ni 3 wọlé sí?

Èsì 1: Láti 0 ni a ti ń kà á, ohun tó wà ní ipò nọ́ńbà kejì kì í sì sí lára ohun tí a gé. s[9:13] ni kí o kọ.

Èsì 2: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí iwájú orúkọ fáìlì bá gùn sí i pẹ́nrẹ́n, 9 àti 13 ti bàjẹ́ nìyẹn. Lo s.split("-")[-1].split(".")[0]: ó ń pín s níbi "-", ó ń mú apá ìkẹyìn, ó sì ń mú ohun tó wà ṣáájú ".". Má fi int(), tó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà, kàn án o, òdo iwájú á lọ.

Èsì 3: Bí ẹ bá fẹ́ fi find() wá ipò àmì kan kí ẹ tó gé e, ẹ ṣọ́ra. Bí kò bá rí àmì náà, -1 ló ń dá padà; bí ẹ bá fi ìyẹn ṣe òpin ibi tí ẹ fẹ́ gé, s[:-1] á gé lẹ́tà ìkẹyìn sọnù láìsọ nǹkan kan. index(), tó ń wá ipò bákan náà, sàn jù: ValueError (ìkéde àṣìṣe) ni yóò gbé jáde.