Ọwọ́ Mi Kọ́, Irin Ìfín Ló Kújú

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ fífi ọwọ́ fín ọnà sára fàdákà. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń ṣe ẹ̀gbà àti òrùka ní Ìdúmọ̀tà kí n tó lọ kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ fín ọnà sára fàdákà. Títí di ìgbà náà, bí oníbàárà bá ní kí n kọ orúkọ sára òrùka fún òun, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ léésà ni mo máa ń gbé e lọ, èrè iṣẹ́ náà a sì bọ́ sápò onítọ̀hún. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn kò tilẹ̀ wù mí, nítorí pé ó máa ń rí bí ohun tí wọ́n fi iná jó sójú fàdákà, nígbà tó jẹ́ pé irin ìfín, irin kékeré ẹlẹ́nu mímú tí a ń fọwọ́ tì, ń gé fàdákà kúrò ní ti gidi, ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbẹ́ a sì máa dán yinrin bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé e.

Ọ̀gá tí mo lọ bá ní Sùúrùlérè kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fàdákà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàbà pẹlẹbẹ ni wọ́n kó fún mi, pé kí n máa fín ìlà gbọọrọ sí i ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìdí irin ìfín, tó rí rogodo, a wọ inú àtẹ́lẹwọ́ tí yóò máa tì í. Àtàǹpàkò a sì dúró lórí iṣẹ́ bíi bíréèkì. Ó rọrùn láti sọ. Ìlà tèmi a bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lójijì irin a yọ̀, a sì fa àpá la gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti àárọ̀ kọjá. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, púlásítà ti di méjì ní ìka òsì mi, mo sì ti gbà pé ọwọ́ mi ni kò lágbára tó, nítorí náà ni mo ṣe túbọ̀ ń fi ipá tì í.

Ọ̀gá gba irin náà lọ́wọ́ mi, wọ́n rọra gbé ẹnu rẹ̀ lé èékánná àtàǹpàkò wọn, irin sì yọ̀ bí ẹni tẹ ọbẹ̀ ilá tó dà sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọbìnrin yìí, èyí tó bá mú kì í yọ̀ níbí. Ṣe ló máa ń dúró gbọin.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi fín ohunkóhun. Òkúta ìpọ́n nìkan ni mo jókòó tì. Mo kọ́ bí a ṣe ń pọ́n iwájú irin ní dígírì 45, tí a ó sì yọ gìgísẹ̀ tín-ín-rín kan, ìyẹn ojú kékeré tí a pọ́n, sí abẹ́ ẹnu rẹ̀, nítorí irin tí kò ní gìgísẹ̀ kì í lè gbé ara rẹ̀ jáde dáadáa bó bá dé ibi tí ìlà ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Mo kọ́ láti máa wo ṣonṣo rẹ̀ lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi: bí ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan bá ń tàn níbẹ̀, ó ti kán nìyẹn. Bí ẹnu irin bá sì ṣe dán tó ni ilẹ̀ ìlà yóò ṣe dán tó.

Àṣìṣe mi kejì ni pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń lé ìlà kiri, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló yẹ kó máa yí báìsì tó di iṣẹ́ mú wá bá irin. Ojú tì mí, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ kì í ṣe é lọ́nà mìíràn. Orí itan ni wọ́n ti ń yí igbá lábẹ́ ọ̀bẹ, láti kékeré ni mo sì ti ń wò wọ́n.

Iṣẹ́ olówó tí mo kọ́kọ́ gbà ni ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà 925 kan, èyí tí ìdá 925 nínú 1000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà, tí ìyókù sì sábà máa ń jẹ́ bàbà. Màmá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ni ín, orúkọ ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ kí n fín sí i. Ó ku lẹ́tà kan péré nígbà tí wọ́n mú iná lọ, mo sì ní kí n parí rẹ̀ nínú bàìbàì kí a tó tan jẹnẹrétọ̀. Irin yọ̀. Mo fi irin ìdán, irin dídán tí a fi ń tẹ ojú fàdákà kó lè jọ̀lọ̀, tẹ ojú àpá náà títí, mo fi sáńpépà fá a. Àpá lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀, ọwọ́ sì ń mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí màmá dé, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ibẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ló ṣe ibí yìí?” Mo sọ òótọ́, mo sì ní kí wọ́n yọ ìdajì kúrò nínú owó. Wọ́n ní àwọn yóò san án pé, ṣùgbọ́n kí n fín ewé kan sí ojú ibi tó tẹ̀ náà. Ewé yẹn gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pọ́n irin.