Ìyá mi ń gbàgbé nǹkan láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo amitriptyline

Ọmọ Ìyá Àgbà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ti pé ọdún 74. Lẹ́yìn ikú bàbá wa ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú wọn débi pé oúnjẹ àti oorun kọ̀, dókítà sì kọ amitriptyline fún wọn, mílígíráàmù 25 lálaalẹ́. Oorun ti padà, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ń gbẹ, ìgbẹ́ wọn le, ohun tí wọ́n bá sì béèrè láàárọ̀ ni wọn yóò tún béèrè lọ́sàn-án. Wọ́n ń lo Moduretic fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti Piriton fún ara yíyún. Ṣé oògùn ni, àbí ọjọ́ ogbó?

Apòògùn Òṣogbo:
Ẹ má tíì pè é ní ọjọ́ ogbó. Acetylcholine, èròjà kan tí ara ń ṣe, ni ọpọlọ fi ń rántí nǹkan, òun náà ni ó ń mú itọ́ sun tí ó sì ń mú ìfun ṣiṣẹ́. Amitriptyline ń dí i lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ẹnu gbígbẹ, ìgbẹ́ líle àti ìgbàgbé fi jọ dé. Piriton náà ń dí i lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì wà nínú àkójọ Beers, èyí tí American Geriatrics Society fi ń kìlọ̀ nípa oògùn tí kò yẹ àwọn tí ó ti pé ọdún 65. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó lè rọ́pò Piriton. Ní ti amitriptyline, ẹ má dá a dúró lójijì. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba:
Bí dókítà bá fẹ́ fi sertraline tàbí citalopram, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mìíràn, rọ́pò amitriptyline, ẹ rán an létí Moduretic, nítorí oògùn tí ń mú ni tọ̀ ni. Sertraline àti citalopram lè mú kí sodium, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, lọ sílẹ̀ lára àgbàlagbà, pàápàá bí oògùn tí ń mú ni tọ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, àgbà náà yóò sì máa sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, tàbí kí ó ṣubú.

Bàbá Ìbejì:
Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúnra rẹ̀ a máa mú ni gbàgbé. Ìgbà wo gan-an ni ìgbàgbé náà bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìyá Àgbà:
Lẹ́yìn oògùn ni, sà. Kí ni a ń pe àyẹ̀wò sodium yẹn?

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba:
Ẹ ní kí wọ́n ṣe E/U/Cr, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń wo sodium àti bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ ṣe é kí oògùn tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.