Ẹ sọ ìrírí yín: báwo ni ẹ ṣe ń ṣọ́ ojú owó póókà yín?

Àdìó Peckham
Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ta póókà, ayò káàdì olówó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn iṣẹ́ oṣù, mi ò sì ní i lọ́kàn láti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Ojú owó mi jẹ́ $1,400. NL25 ni mo ń ta, níbi tí owó ìjókòó kan, ìyẹn owó tí à ń gbé jókòó sí tábìlì, ti jẹ́ $25, mo sì fẹ́ bọ́ sí NL50, níbi tó ti jẹ́ $50. Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn
Owó ìjókòó méjìdínlọ́gbọ̀n ni tìrẹ ní NL50. Dúró kí ó pé ọgbọ̀n.

Bàbá Ìbejì
Àbúrò, kì í ṣe orí tábìlì ni ojú owó tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, $1,800 ni mo ní, NL50 ni mo ń ta, ìyẹn owó ìjókòó mẹ́rìndínlógójì, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, dọ́là tí kò ju nǹkan bí ₦460 lọ ní báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Dọ́là mi kò fi ọ̀kan lé sí i, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá fi fóònù ṣírò rẹ̀ sí náírà, ńṣe ni ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti di olówó. Mo san owó ilé, mo san owó ilé-ìwé àwọn ìbejì, mo ra ẹ̀rọ amúnáwá lé e, $900 sì bá a lọ.

Owó ìjókòó méjìdínlógún ló kù. Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí n sọ̀kalẹ̀ lọ sí NL25, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mọ́kànlá tún lọ nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ace méjì wà lọ́wọ́ mi, seven méjì wà lọ́wọ́ ẹni tó kojú mi, gbogbo owó wa ti wọ àárín kí wọ́n tó ṣí káàdì kankan, seven sì ni káàdì ìkẹyìn, ni seven mẹ́ta bá borí ace méjì mi. Bí mo ṣe ń wo owó náà tó ń ṣí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni iná lọ. Mo jókòó sínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ tan ẹ̀rọ amúnáwá tí mo fi ojú owó rà.

Nígbà tí mo wá fẹ́ fi owó oṣù mi dá $900 náà padà, iye náírà tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi ti di ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ì bá jẹ́ ní ọdún tó ṣáájú.

Ọmọ Alájọ
Ẹ̀rọ amúnáwá yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí.

Oníṣirò
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ mélòó, ìyẹn ìgbà mélòó tí wọ́n pín káàdì, ni ẹ ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn? Ó lè jẹ́ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ta ni, kí ẹ sì máa di ẹ̀bi ru náírà.

Bàbá Ìbejì
Ó tó 20,000 ọwọ́. Tábìlì mẹ́rin ni mo máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan.

Oníṣirò
Ó dáa, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ń jèrè big blind mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún ọwọ́ (big blind ni owó dandan tó tóbi jù tí à ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì; ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ owó ìjókòó kan), tí èyí kò sì burú rárá. Nínú 20,000 ọwọ́, ó yẹ kí ó jèrè owó ìjókòó mẹ́fà, ṣùgbọ́n ní tábìlì ẹni mẹ́fà, ó wọ́pọ̀ kí orí nìkan fi nǹkan bí owó ìjókòó méjìlá gbé e kọjá iye yẹn tàbí kí ó fi tì í sẹ́yìn, nígbà mìíràn á tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa lè pàdánù mọ́kànlá yẹn láìṣe àṣìṣe kankan. Nítorí náà, kì í ṣe seven yẹn ló pa yín. Owó ìjókòó méjìdínlógún tí ẹ gbé wọ NL50 ni.

Ìyá Ẹniọlá, New Jersey
Mo ti ń wí i tipẹ́ pé ẹ̀yin ọkùnrin ni ẹ máa ń jẹ ojú owó. Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì mú owó ọbẹ̀ nínú owó ọjà rí. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, òfin ti fàyè gba póókà orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2013, ìdíje nìkan ni mo sì ń ta. Ẹ jọ̀wọ́, ogún tàbí ọgbọ̀n owó ìjókòó kò tó fún ìdíje, nítorí ẹ lè wọ ọgọ́ta láìgba kọ́bọ̀ padà. Igba ni èmi ń tọ́jú. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù nìkan ni mo máa ń gba èrè jáde, inú àjọ tí àwa obìnrin mẹ́sàn-án ń dá ni ó sì ń lọ tààrà, kí ó má baà sùn mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọmọ Alájọ
Mọ̀mí, oṣù tí póókà kò bá mú èrè wá ńkọ́? Àjọ kì í gbọ́ àwáwí.

Ìyá Ẹniọlá, New Jersey
Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ mi. Owó oṣù mi ni yóò san án. Ìdí tí mi ò fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Kọ́lápọ̀ Abẹ́òkúta
Òfin Chris Ferguson, gbajúmọ̀ òǹtayò póókà ará Amẹ́ríkà, ni kí Àdìó tẹ̀ lé. Ní ọdún 2006, ó bẹ̀rẹ̀ láìní kọ́bọ̀, ìdíje ọ̀fẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń ta, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí owó rẹ̀ fi di $10,000. Kì í fi ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún jókòó sí tábìlì owó, kì í fi ju ìdá méjì wọ ìdíje ńlá, bí owó iwájú rẹ̀ bá sì ti kọjá ìdá mẹ́wàá ohun tó ní, yóò dìde.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn
Ìdá márùn-ún jẹ́ ogún owó ìjókòó. Ọ̀pẹ̀ ló kún tábìlì ní 2006. Èrè ti tín-ín-rín báyìí, owó tí ilé ìtayò ń yọ kò sì dín kù. Ọgbọ̀n ni mo wí.

Oníṣirò
Ẹ sì rántí pé orí ìkànnì póókà Full Tilt ni Ferguson ti ṣe é, níbi tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn olùdarí. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti Full Tilt àti àwọn ìkànnì póókà ńlá mìíràn pa ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2011, a rí i pé Full Tilt kò ya owó àwọn òǹtayò sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Ọdún 2014 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí tiwọn gbà. Bó o ní ọgọ́rùn-ún owó ìjókòó, tí gbogbo rẹ̀ sì wà nínú àpò ẹlòmíràn ńkọ́?

Kọ́lápọ̀ Abẹ́òkúta
Ìyẹn kò ba òfin rẹ̀ jẹ́.

Oníṣirò
Kò bà á jẹ́. Àmọ́ ìdajì ojú owó tèmi kì í sùn sórí ìkànnì.

Wòlíì Kékeré
Tẹ́tẹ́ ni gbogbo yín ń pè ní òwò.

Ìyá Ẹniọlá, New Jersey
Wòlíì, ẹ bá wa gbàdúrà, ẹ má bá wa jà.

Àdìó Peckham
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màá dúró títí yóò fi di $1,500, bó bá sì já sí $1,100, màá padà sí NL25 láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá Ìbejì, ibo ni ẹ wà báyìí?

Bàbá Ìbejì
NL10. $410 ni mo ní, owó ìjókòó mọ́kànlélógójì, ojú kò sì tì mí mọ́. Ẹ dákun, mò ń bọ̀, iná ti dé, kí n lọ pa amúnáwá.