Ṣé ripọ́ọ̀tù iṣẹ́ oṣooṣù lè sọ ìlú tó yẹ kéèyàn kó lọ?

Arìnnàkò:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Amẹ́ríkà ni mo wà, iṣẹ́ warehouse ni mò ń ṣe, ìlú tí mo wà ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n ti ń gé wákàtí wa, mo wá ń rò ó pé kí n palẹ̀ ẹrù mọ́ kí n lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo oṣù ni wọ́n ń gbé nọ́ńbà jáde, nọ́ńbà ọ̀hún ò sì bára mu. Ìjọba á ní àwọn kọ́ńpìnì gba èèyàn, ADP, kọ́ńpìnì tó ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ ṣètò owó oṣù, á ní wọn ò gbà tó bẹ́ẹ̀, LinkedIn, ìkànnì tí èèyàn ń kọ ìtàn iṣẹ́ wọn sí, á ní àwọn èèyàn ń ya lọ sí ìlú báyìí báyìí, tó bá tún ṣe díẹ̀ wọ́n á ní ibẹ̀ ti tutù. Èwo ni kéèyàn tẹ̀ lé nínú gbogbo ẹ̀? Àti pé báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan ti kó láti ìlú kan lọ sí òmíì, ṣé wọ́n ń dúró sójú títì máa ka ọkọ̀ akẹ́rù ni?

Bọ̀dá Oníṣirò:
😂 wọn kì í ka ọkọ̀ o. Jẹ́ n ti ibi nọ́ńbà ìjọba bẹ̀rẹ̀ torí òun ló ń da orí èèyàn rú jù. Èyí tí BLS, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ka iye iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ń gbé jáde, tó sábà máa ń bọ́ sí Fúráìdé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìwádìí méjì ni wọ́n pa pọ̀ síbẹ̀. Nínú ọ̀kan wọ́n ń bi nǹkan bí ìdílé 60,000 léèrè pé ta ló níṣẹ́ ta ni ò ní, ibẹ̀ ni pásẹ́ńtì àìríṣẹ́ṣe ti ń wá. Nínú èkejì, àwọn kọ́ńpìnì ni wọ́n ń bi pé èèyàn mélòó lẹ sanwó fún, ibẹ̀ ni "iṣẹ́ báyìí ló wọlé" ti ń wá. Ìdí nìyẹn tó o fi lè rí i kí iṣẹ́ pọ̀ sí i kí àìríṣẹ́ṣe náà tún lọ sókè nínú oṣù kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn kọ́ńpìnì máa kà á, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ti ìdílé. ADP ní tiẹ̀, ìwé owó oṣù àwọn kọ́ńpìnì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ń wò, kò ka òṣìṣẹ́ ìjọba rárá, báwo ló ṣe máa bá ti ìjọba mu?

Ohun tí mo wá fẹ́ kó o mú dání ni pé nọ́ńbà tó jáde lóṣù yìí kò tíì jinná. Wọ́n máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù méjì tó tẹ̀ lé e, torí àwọn kọ́ńpìnì kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, lẹ́yìn ìyẹn lọ́dọọdún wọ́n á tún fi wé ìwé owó tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń san sí àpò ìrànwọ́ àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ 2025, wọ́n yọ 258,000 kúrò nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti kéde fún oṣù karùn-ún àti ìkẹfà. Ẹni tó ti kó ẹrù sínú ọkọ̀ torí ìròyìn oṣù karùn-ún ńkọ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ jẹ́ n fi kún ti bọ̀dá. Arìnnàkò, ti LinkedIn yẹn, profáìlì àwọn èèyàn ni wọ́n ń wò. Tó o bá kọ ibiṣẹ́ tuntun síbẹ̀ wọ́n á kà á pé wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́, tó o bá yí ìlú tó wà lórí ẹ̀ padà wọ́n á kà á pé o ti kó. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń rí? Àwọn oníkọ̀ǹpútà, àwọn oníbáńkì, àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì. Mélòó nínú ẹ̀yin ará warehouse ló ní profáìlì, ká má tiẹ̀ sọ tàwọn tó ní in tí wọn ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ pípẹ́? Ẹ wo tiwa náà, ẹ̀ka ìlera ló gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó wọlé ní Amẹ́ríkà ní 2024 àti 2025, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ wà ní wọ́ọ̀dù ò rántí password LinkedIn wọn mọ́. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé kó tó kó ló ti yí ìlú padà kí àwọn agbanisíṣẹ́ ọ̀hún lè rí i, tí kò wá kó mọ́ nígbẹ̀yìn.

Tó o bá fẹ́ mọ àwọn tó kó ní tòótọ́, IRS, ilé iṣẹ́ owó-orí Amẹ́ríkà, ló ní in, àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé owó-orí ọdún kan ni wọ́n ń fi wé ti ọdún tó ṣáájú, county (bí ìjọba ìbílẹ̀) sí county. Census, àwọn tó ń ka èèyàn orílẹ̀-èdè, náà máa ń bi èèyàn pé níbo lo ń gbé ní ọdún kan sẹ́yìn. Àbùkù àwọn yẹn ni pé wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó jáde, ìgbà tó o bá fi rí i, ọ̀rọ̀ ti di tàná.

Ọmọ Tẹ́ẹ̀kì:
Èyí tí Àǹtí sọ nípa tàná yẹn gan-an ni ìṣòro. Ní 2020 sí 2021 gbogbo èèyàn ló ń sọ pé San Francisco ti tán, ó sì jọ bẹ́ẹ̀, torí Census fi hàn pé ìlú náà pàdánù èèyàn tó lé ní 6 pásẹ́ńtì láàárín ọdún kan, iṣẹ́ àtilé ti dé, rẹ́ǹtì ò ṣeé san, kí ló kù? Àwọn èèyàn ya lọ sí Austin, Miami, Boise, rẹ́ǹtì tibẹ̀ náà wá fò sókè. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2022 Meta ní òun máa dá èèyàn 11,000 dúró, January 2023 Google ní 12,000, Microsoft 10,000, Amazon ní tiẹ̀ ju 18,000 lọ, wọ́n tún wá ń ní kí èèyàn padà sí ọ́fíìsì, ká tó ṣẹ́jú AI dé, owó tún ya padà sí San Francisco tí wọ́n ní ó ti tán yẹn náà. Ẹni tó bá ń fi ripọ́ọ̀tù oṣooṣù ṣe atọ́nà á ti lọ á ti bọ̀, á sì ti san owó akẹ́rù lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun míì tí wọn kì í sọ nínú àkọlé ìròyìn: "ìlú yìí ń gba èèyàn", àwọn tó wọlé ni wọ́n yọ àwọn tó jáde kúrò nínú ẹ̀. Ìlú kan lè gba èèyàn rẹpẹtẹ kí èèyàn rẹpẹtẹ sì jáde, kó wá dà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àti pé àwọn tó wọlé yẹn lè jẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, Florida kún fún wọn, wọn ò wá iṣẹ́ kankan wá.

Kò-kàn-mí:
Gbogbo yín kàn ń da ara yín láàmú, irọ́ pọ́ńbélé ni nọ́ńbà yẹn. Tí kì í bá ṣe irọ́, kí ló dé tí Trump fi lé ọ̀gá BLS ní oṣù kẹjọ 2025? China náà, ìgbà tí àìríṣẹ́ṣe àwọn ọ̀dọ́ dé 21.3 pásẹ́ńtì ní oṣù kẹfà 2023, ṣé wọn ò gbé nọ́ńbà pamọ́ ni?

Bọ̀dá Oníṣirò:
@Kò-kàn-mí ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tún nọ́ńbà ṣe lójú gbogbo ayé, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbé e pamọ́. Ọjọ́ tí àtúnṣe 258,000 tí mo sọ yẹn jáde gan-an ni wọ́n lé Erika McEntarfer, ọ̀gá BLS nígbà yẹn, inú ripọ́ọ̀tù tí ẹnikẹ́ni lè kà ni àtúnṣe ọ̀hún sì wà. Ti China ló yẹ kó o fura sí. Wọ́n dáwọ́ kíkéde ẹ̀ dúró, nígbà tí wọ́n padà dé ní January 2024 wọ́n ti yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ìṣirò, ó wá di 14.9. Má pa méjèèjì pọ̀ jàre.

Arìnnàkò:
Ẹ ṣé gan-an ni o, ó ti ń yé mi. Àmọ́ èyí ò yé mi síbẹ̀: wọ́n ní àìríṣẹ́ṣe ò ju bíi 4 pásẹ́ńtì lọ, kí wá ló dé tí mò ń apply tí ẹnikẹ́ni ò pè mí?

Bọ̀dá Oníṣirò:
Torí pé pásẹ́ńtì yẹn ò ka iye àwọn tí wọ́n ń gbà. JOLTS, ìwádìí oṣooṣù míì tí BLS ń ṣe, ni kó o wò, ìyẹn ló ń sọ iye àyè tó ṣí, iye tí wọ́n gbà, iye tó fẹsẹ̀ ara wọn kúrò àti iye tí wọ́n lé. Nígbà tí ọjà gbóná ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, àyè tó ṣí tó mílíọ̀nù 12, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kan tó 3 pásẹ́ńtì. Ní 2025 iye àwọn tó ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ yẹn ti wálẹ̀ sí bíi 2 pásẹ́ńtì. Àwọn kọ́ńpìnì ò lé èèyàn púpọ̀ àmọ́ wọn ò gbà púpọ̀ náà, ẹni tó wà nínú ilé jókòó pa, kò síbi tó ń lọ, ẹni tó wà níta ò ráyè wọlé. Lójú tèmi iye àwọn tó ń fẹsẹ̀ ara wọn kúrò ló ń sọ òótọ́ jù nínú gbogbo wọn, torí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ kì í fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá Tírélà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo pẹ́ dé. Arìnnàkò, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, torí ẹ̀ jẹ́ n sọ tiwa fún ẹ. Nínú iṣẹ́ tiwa ìlú ò tó nǹkan tí èèyàn ń wò, ohun tó gbé iṣẹ́ wá síbẹ̀ ni kó o wò. Memphis, FedEx, kọ́ńpìnì akẹ́rù, ni. Louisville, pápákọ̀ òfurufú UPS, akẹ́rù bíi tiẹ̀, ni. Riverside àti San Bernardino, ẹrù tó ń bọ́ sí èbúté Los Angeles àti Long Beach ló ń bọ́ wọn, tí ẹrù bá dín kù ní èbúté, wọ́n máa mọ̀ ọ́n lára kí ripọ́ọ̀tù kankan tó jáde. UPS náà ní January 2024 ní òun máa gé iṣẹ́ 12,000, ní April 2025 ó tún ní 20,000, wọ́n sì ń ti àwọn ilé iṣẹ́ kan pa. Kò sí èyí tó o máa rí níbẹ̀ tó o bá kàn ka "Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ báyìí lóṣù yìí".

Má sì jẹ́ kí oṣù kọkànlá àti ìkejìlá tàn ẹ́ jẹ o. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń gba gbogbo èèyàn nítorí ọjà ọdún, January ni wọ́n máa ń tú wọn ká. Nọ́ńbà tí ìròyìn ń gbé káàkiri, wọ́n ti yọ ti àsìkò kúrò nínú ẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ìlú kọ̀ọ̀kan tí BLS máa ń gbé jáde lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọn ò yọ ti àsìkò kúrò. Torí náà má fi December wé November. Oṣù yìí àti oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá ni kó o fi wéra, wá ibi tí wọ́n kọ transportation and warehousing sí, má wo àpapọ̀ ìlú. Tó bá ti ń wálẹ̀ fún oṣù mélòó kan léraléra, gbàgbé ẹ̀, ohun yòówù kí LinkedIn máa sọ.

Tí kọ́ńpìnì kan bá sì ní òun fẹ́ gbà ẹ́, béèrè kí o tó san owó ilé: ṣé iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni, ṣé abẹ́ agency ni, wákàtí mélòó ni wọ́n fi ọwọ́ sí lọ́sẹ̀. Ìlú wo lo tiẹ̀ ń wò gan-an? Kọ ọ́ síbí ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.