Ọ́ìlì bíréèkì ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tó ti ń jò

Ìyá Tèmi, Adó-Èkìtì:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mò ń wà, Iléṣà sì ni ibi iṣẹ́ mi, nítorí náà àwọn òkè Ìtaàwúrẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni mò ń gùn tí mo sì ń sọ̀ ní gbogbo ìgbà. Láìpẹ́ yìí, iná pupa bíréèkì máa ń tàn bí ọkọ̀ bá ti dorí kọ ìsàlẹ̀ òkè, bí mo bá sì dé ilẹ̀ tó tẹ́jú, á kú. Mẹkáníìkì àdúgbò wa rí i pé ọ́ìlì bíréèkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlà MIN (ìlà ìsàlẹ̀) lára ike rẹ̀, ó bu òmíràn kún un títí dé MAX (ìlà òkè), ó sì ní kí n máa lọ. Ní báyìí, ó tún ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ọ̀rinrin kankan nílẹ̀ tàbí lára táyà. Ṣé kí n ṣáà máa bu ọ́ìlì kún un ni? Báwo sì ni ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì ṣe lè mọ̀ pé páàdì tó ń dá táyà dúró ti fẹ́ tán?

Ọ̀gá Bíréèkì, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Tèmi. Ẹ má tíì bu nǹkan kan kún un. Ọkọ̀ kì í jó ọ́ìlì bíréèkì bó ṣe ń jó epo bẹntiróòlù, nítorí náà bó bá dínkù, yálà ó ń jò tàbí páàdì ń jẹ. Bí páàdì ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ni písítìn (irin tó ń ti páàdì) inú kálípà (irin tó gbá páàdì mú) ń yọ síta sí i kí páàdì lè máa kan dísìkì (irin róbótó tó ń bá táyà yí), ọ́ìlì inú ike á sì ṣàn lọ dí àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn písítìn. Ọ́ìlì náà kò sọnù. Ìdí tí iná fi ń tàn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni pé ọ́ìlì tó ti kéré máa ń rọ́ sí apá kan ike bí ọkọ̀ bá dorí kodò.

Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mílímítà 10 sí 12, láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ti ku mílímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè fi tọ́ọ̀ṣì yọjú wò ó láàrin ihò ríìmù, ṣùgbọ́n ti ìta nìkan lẹ ó rí báyẹn, ti inú ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ tán, pàápàá bí irin tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ bá ti dípẹtà. Ẹ ní kí wọ́n tú táyà. Ọ̀pọ̀ páàdì ní irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó máa ń han gooro mọ́ dísìkì bí páàdì bá ti fẹ́ tán. Bí igbe náà bá yí padà di kíkùn gàràgàrà, irin ti ń jẹ irin nìyẹn, owó dísìkì á sì kún owó páàdì. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ yín bá jẹ́ dúrọ́ọ̀mù (bíréèkì inú irin tó rí bí ìlù, dípò dísìkì), kí wọ́n ṣí òun náà, nítorí ọ́ìlì lè máa jò nínú rẹ̀ kó má dé ilẹ̀ rárá.

Awakọ̀ Èkó:
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Ọ̀gá, bó bá ti lọ sí abẹ́ MIN ńkọ́? Ẹ kò lè ní kí wọ́n wà á bẹ́ẹ̀ lọ sí Iléṣà.

Ọ̀gá Bíréèkì, Ìbàdàn:
Òótọ́ lẹ sọ. Bó bá ti wà lábẹ́ MIN, afẹ́fẹ́ lè wọ inú páìpù, nítorí náà kí wọ́n bu díẹ̀ kó lè kọjá ìlà yẹn, kí wọ́n sì gba ilé mẹkáníìkì lọ ní tààrà. Bí bíréèkì bá ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, kí wọ́n má wà á rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bèèrè ọjọ́ orí ọ́ìlì náà pẹ̀lú, nítorí òkè tí ẹ ń sọ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ó lè hó ní nǹkan bí 140°C. Ìgbóná bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn lè dé ibẹ̀, bí ọ́ìlì bá sì hó, ẹsẹ̀ yín á kàn wọlé lọ ni. Ẹ máa fi jíà kékeré sọ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà ní ọdún méjì méjì.

Ìyá Tèmi, Adó-Èkìtì:
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ìkan: bó bá jẹ́ páàdì ni, ṣé ọ́ìlì tí wọ́n ti bu kún un kò ní dá wàhálà sílẹ̀?

Ọ̀gá Bíréèkì, Ìbàdàn:
Ó lè dá a sílẹ̀ o. Bí wọ́n bá ti písítìn padà sẹ́yìn kí páàdì tuntun lè wọlé, ọ́ìlì á padà sínú ike, á sì kún àkúnwọ́sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi síríńjì tó mọ́ fa díẹ̀ kúrò. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí tó fi máa le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.