Alùpùpù láti Ìbàdàn dé Ìdànrè: ṣé ọjọ́ mẹ́ta tó?

ỌmọÒjé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni mò ń gbé, Boxer 150 ni mo ní, òun náà ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí ìsinmi mi fún oṣù November. N kò fẹ́ lọ Èkó, n kò sì fẹ́ jókòó sílé kí gbogbo ẹbí máa rán mi níṣẹ́. Ohun tó wù mí ni kí n gun alùpùpù yìí gba àárín òkè Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì dé Ìdànrè, kí n rí omi Olúmirin tó ń já wálẹ̀ lára àpáta, kí n wẹ̀ ní Ìkọ̀gòsì, kí n wá gba Oǹdó padà wálé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń lọ. Honda 125 kan tó ti dàgbà ni tiẹ̀.

Ètò tí mo ṣe rèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, a ó gba Ifẹ̀ àti Iléṣà dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, a ó wo omi, a ó sì lọ sùn ní Ìkọ̀gòsì. Sátidé, Adó, Àkúrẹ́, Ìdànrè, ká gun òkè ká sọ̀kalẹ̀. Sọ́ńdè, Oǹdó, Ifẹ̀, ó di ilé.

Ṣé ó máa ṣeé ṣe? Ṣé kí a gba ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ tààrà ni, àbí ti Ẹ̀fọ̀n? Kí ni ká gbé dání? Màmá mi ti gbọ́, wọ́n ní ṣé n kò rí mọ́tò wọ̀ ni.

BàbáSípánà

Àbúrò, o kú ìmúra. Iléṣà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, alùpùpù ni mo ń tún ṣe látìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, Ẹ̀fọ̀n sì ni ilé àna mi. Mo mọ ọ̀nà tí ò ń wí.

Ọjọ́ mẹ́ta kò tó. Kì í ṣe pé ibẹ̀ jìn, nítorí Ìbàdàn sí Iléṣà fi díẹ̀ lé ní 100 kìlómítà ni. Ìgbà tí wàá fi gùn ún lo kà, o ò ka ìgbà tí wàá fi dúró. Ṣé wàá kọjá ní Ìkirè láì ra dòdò ni? Ṣé wàá dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kó o wo ìpele kìíní omi Olúmirin, kó o sì yíjú padà torí pé ilẹ̀ ń ṣú? Ìpele méje ni omi yẹn ní, àwọn tó ń sáré kì í sì í sábà kọjá ìkejì. Ẹ sùn ní Iléṣà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ lọ gun Olúmirin, nígbà tí ara ṣì le, tí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé kò tíì dé. Oṣù tó o mú yẹn dára. Òjò á ti máa lọ, omi á ṣì pọ̀, ọyẹ́ kò sì ní tíì dé. Ẹni tó bá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an á kàn rí omi tín-ín-rín lára àpáta ni.

Ní ti ọ̀nà, má gba Iléṣà sí Àkúrẹ́ tààrà. Ọ̀nà tírélà nìyẹn. Tírélà tó bá fẹ́ kọjá lára rẹ kò ní bi ẹ́ bóyá o ti ṣe tán, atẹ́gùn rẹ̀ nìkan sì lè ti alùpùpù kékeré kúrò lójú títì. Tó o bá dé oríta Ìwàràjà, yà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Wàá kọjá Ẹ̀rìnmọ̀, wàá dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà á wá dojú kọ òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Àárín ibẹ̀ yẹn gan-an ni ìsinmi rẹ wà. Òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì, kọ́nà kan kò tíì parí tí òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀. Tó o bá fi wákàtí kan gun ibi tí mọ́tò ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá, o kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ibẹ̀ náà sì ni mo ti ń rí oníbàárà. Àwọn ọlọ́kadà wa máa ń fi jíà sí fíríì tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, àwọn mìíràn á pa ẹ́ńjìnnì pátápátá, wọ́n ní epo làwọn ń ṣọ́. Má dán an wò. Tí ẹ́ńjìnnì kò bá di táyà mú, bíréèkì nìkan ló kù, bíréèkì Boxer rẹ sì jẹ́ oní-dúrọ́ọ̀mù níwájú àti lẹ́yìn. Tó bá ti gbóná jù, bó o ṣe fún un tó kò ní mú mọ́. Jíà tó o fi gòkè ni kó o fi sọ̀kalẹ̀, kó o máa tẹ bíréèkì kó o sì máa tú u sílẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ gbé tíúùbù iwájú àti tẹ̀yìn dání, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, púlọ́ọ̀gì tuntun, wáyà kílọ́ọ̀ṣì kan, àti sípánà tó bá nọ́ọ̀tì táyà yín mu. Fọkanáísà wà láwọn ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tíúùbù tó bá tìrẹ mu lè má sí lọ́wọ́ ẹ̀. Yí ọ́ìlì kó o tó kúrò nílé. Má fún ṣéènì le jù, nítorí tó o bá ti di ẹrù sẹ́yìn á tún le sí i. Ẹrù sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, lórí ìjókòó. Má so báàgì kankan mọ́ ọwọ́ alùpùpù, kọ́nà kò fẹ́ràn ẹ̀.

Honda tó dàgbà yẹn kò bà mí lẹ́rù tó Boxer tí wọn ò yí ọ́ìlì ẹ̀.

KìnìúnPópó

Ọjọ́ mẹ́ta tó dáadáa jàre. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi gbéra ní Ìbàdàn láàárọ̀, a dé Àkúrẹ́, a jẹun, a sì padà lọ́jọ́ kan náà. 600cc ni mò ń gùn ṣá o.

BàbáSípánà

Kìnìún, kí lo rí lójú ọ̀nà?

KìnìúnPópó

Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi 😂

ÀdùnníẸ̀fọ̀n

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni mí, Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo sì ń gun màṣíìnì mi lọ sílé.

Ohun tí bàbá kò mẹ́nu bà ni ìkùukùu. Lówùúrọ̀ ó lè bo òkè wa débi pé ẹ kò ní rí igi tó wà níwájú. Ẹ má kánjú jáde, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ. Nírọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ wọ ìlú kó tó di aago márùn-ún. Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí, n kò ní dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n láràárọ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ yà sí gáréèjì kí ẹ bi àwọn awakọ̀ bí ọ̀nà ṣe rí. Tí wọ́n bá ní ẹ má gba ibì kan lónìí, ẹ má gbà á, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ó bá ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn pàdé lójú ọ̀nà. Kí ìwé màṣíìnì pé, kí ìwé ìwakọ̀ yín jẹ́ ti ìsọ̀rí A, torí òun ni ti alùpùpù. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dé akoto, kì í ṣe kí ẹ fi kọ́ ọwọ́.

Láti Ẹ̀fọ̀n, ẹ ó dé oríta Ìta-Awùrẹ̀. Ọ̀nà kan ibẹ̀ lọ sí Àrámọkọ, ibẹ̀ lẹ ó gbà, kí ẹ wá ya Ẹ̀rìjìyàn lọ sí Ìkọ̀gòsì. Ọ̀nà kejì lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, jagunjagun ayé àtijọ́. Tí ẹ bá ráyè, èmi ò ní fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀, kí ẹ gbà á dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn òkè wọ̀nyẹn ni Èkìtìparapọ̀ àti ọmọ ogun Ìbàdàn ti kojú ara wọn nínú ogun Kírìjì, láti 1877, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Tí bàbá kan bá bi yín níbo lẹ ti ń bọ̀, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa kí ẹ tó dáhùn pé Ìbàdàn.

Ìkọ̀gòsì yẹ kí ẹ sùn sí, kì í ṣe kí ẹ kàn kọjá. Omi gbígbóná ibẹ̀ tó nǹkan bí 70 lórí ìwọ̀n Celsius ní orísun, ṣùgbọ́n kó tó dé ibi tó ti pàdé omi tútù, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn ẹ̀yìn ríro lórí màṣíìnì, kò sí oògùn tó dà bí ẹ̀. Ẹ pè wọ́n fún yàrá kí ẹ tó lọ. Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà síbẹ̀, omi Àrìnta sì wà níbẹ̀. Èrò kì í pọ̀ níbẹ̀ tó ti Olúmirin, èmi fẹ́ràn ẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹnu àwa ará Èkìtì nìyẹn. Owó ọwọ́ ni kí ẹ mú dání, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àárín òkè kò ṣe é fọkàn tán.

ỌmọÒjé

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá àti àǹtí. Mo ti tún un ṣe. Ọjọ́ kìíní, Iléṣà. Ọjọ́ kejì, Olúmirin láàárọ̀, ká rọra gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, ká sùn ní Ìkọ̀gòsì. Ọjọ́ kẹta, Àrìnta, ká sinmi. Ọjọ́ kẹrin, Adó, Ìkẹ́rẹ́, Àkúrẹ́, ká sùn ní Ìdànrè. Ọjọ́ karùn-ún, òkè Ìdànrè láàárọ̀, ká sì gba Oǹdó àti Ifẹ̀ wálé. Kírìjì á dúró di ọdún mìíràn, ẹ má bínú. Tí a bá fẹ́ gun òkè Ìdànrè, ta la máa fi alùpùpù sílẹ̀ fún?

ÀdùnníẸ̀fọ̀n

Ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń gbowó, kí ẹ sì fún ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní nǹkan kí ẹ tó gòkè, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ẹ má gbé ẹrù àlùpùpù gùn ún. Ẹ fi báàgì sílé ìtura, ẹ mú omi àti kánfáàsì. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ wà lókè, ẹ béèrè ẹni tó máa ṣàlàyé fún yín. Àmọ́ òkè yẹn àti Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà, ẹsẹ̀ yín á gbọ̀n lórí jíà o. Ẹ sùn sí Oǹdó.

BàbáSípánà

Òótọ́ ló sọ, ẹ sùn sí Oǹdó. Tẹ́ ẹ bá dé Iléṣà, ẹ gbé méjèèjì wá kí n wo bíréèkì àti ṣéènì wọn, n kò ní gbowó wíwò. Kó má ṣáà jẹ́ Sọ́ńdè, n kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.