Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: a fẹ́ lọ gbafẹ́, a tún fẹ́ fi wá ilẹ̀ oko lẹ́yìn Abuja

Ìyá Ṣeun Kúbwà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Sẹ̀tẹ́ńbà tó ń bọ̀ yìí ló máa pé ọdún mẹ́wàá tí èmi àtọkọ mi ti ṣègbéyàwó, látìgbà yẹn a ò tíì jọ lọ síbì kankan tí kì í ṣe òkú tàbí ìyàwó, ká gbé motò lọ sí Ọ̀ffà ká gbé motò bọ̀, ó tán. Àbúrò mi ti gbà láti dúró ti àwọn ọmọ fọ́jọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi wá ní níwọ̀n ìgbà tá a ti fẹ́ jáde, ká kúkú fi wá ilẹ̀ oko tá a ti ń sọ látọdún mẹ́rin, bíi hẹ́kítà kan tàbí méjì tá a lè gbin kaṣú àti iṣu sí, ká sin adìẹ díẹ̀, kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìyá ẹ̀ ń bi wá pé kí ló ṣe ilẹ̀ Ọ̀ffà, àmọ́ ibi tá a lè dé láàárọ̀ Sátidé ká sì sùn sílé lálẹ́ la fẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀bọ ló máa jẹ oko yẹn.

Ibi tọ́rọ̀ wa ò ti bára mu ni pé ó ní ká sún un di Disẹ́ńbà, tójò bá ti lọ tí ọ̀nà gbẹ, ká lè rí ilẹ̀ kedere. Èmi ní Sẹ̀tẹ́ńbà ni, torí ọjọ́ wa ni. Ajẹ́ntì méjì ti ń pè é, ọ̀kan nílẹ̀ lẹ́bàá Kwali, èkejì lọ́nà Suleja sí Minna, onítibẹ̀ lóun máa mú wa dé ibi omi Gurara tó ń dà wálẹ̀ látorí àpáta ká gbafẹ́, tílẹ̀ bá sì wù wá ká san ìdajì owó lọ́jọ́ náà kẹ́lòmíì má bàa gbà á. Ṣé ó dáa ká pa méjèèjì pọ̀? Kí la máa wò? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, owó ọdún mẹ́rin ni.

Àgbẹ̀ Gwagwalada
Ìyá Ṣeun, ẹ kú oríire. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n pé Sẹ̀tẹ́ńbà ni, kì í ṣe tìtorí ọjọ́ yín nìkan. Oṣù Fébúárì lèmi ra tèmi, hẹ́kítà méjì, ó kọjá Gwagwalada díẹ̀. Ilẹ̀ dúdú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkúta, motò wọ ibẹ̀ láìṣe wàhálà, ó kàn sán káàkiri ni, mo ní oòrùn ló fà á. Mo sanwó. Mo gbin kaṣú bí irinwó, mo kọ́ ahéré fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tó máa fi di Ọ́gọ́ọ̀sì omi ti dé orúnkún mi, kaṣú kú tán, ògiri ahéré wó, bàbá Gbagyi kan tí oko ẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún ń wò mí tìyanutìyanu, ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé fàdámà ni. Ohun táwa ń pè ní àkùrọ̀ nílé nìyẹn. Ilẹ̀ dúdú tó bá ń sán báyẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ló máa ń dúró sórí ẹ̀ lójò. Ìrẹsì ni mò ń gbìn síbẹ̀ báyìí, ó ń ṣe dáadáa, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo bá lọ nìyẹn, owó tí mo ná sórí kaṣú ò sì padà wá.

Ní Sẹ̀tẹ́ńbà ẹ máa rí ibi tómi ń gbà, ẹ máa mọ̀ bóyá motò tiẹ̀ lè débẹ̀. Ẹ wo oko tó yí i ká, ibi tí iṣu bá ti ta dáadáa, omi kì í dúró níbẹ̀. Bílẹ̀ bá wù yín, ẹ tún padà lọ ní Jánúárì kẹ́ ẹ wò ó bóyá odò tí wọ́n fi hàn yín ò tíì gbẹ.

Ọmọ Ìlá
Ẹ má sanwó kankan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí ilẹ̀. Inú yín á máa dùn, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ajẹ́ntì á ti rí i lójú yín pé ó ti wù yín. Ẹ fi káàdì báǹkì sílé.

Súfeyọ̀ Lúgbè
Àǹtí mi, ilẹ̀ Kwali àti ilẹ̀ ọ̀nà Minna kì í ṣe bákan náà lójú òfin. Kwali wà nínú FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú Abuja, ìwé òfin 1999, abala 297, sì sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT, mínísítà FCT ló ń fọwọ́ sí C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ìwé tí ìdílé kan tàbí mai unguwa, olórí àdúgbò, bá kọ fún yín níbẹ̀ ò sọ yín di onílẹ̀. Kódà tó bá jẹ́ ìwé area council, ìjọba ìbílẹ̀ FCT, ni wọ́n mú wá, ẹ má sanwó títí ẹ ó fi ṣe search ní AGIS, ọ́fíìsì tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja wà, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ìwé náà jẹ́ òótọ́. Ọ̀nà Minna ní tiẹ̀, Niger State ni, ibẹ̀ ni Land Use Act 1978 ti fún ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti fún èèyàn nílẹ̀ oko nígbèríko, kó ṣáà má ju hẹ́kítà 500 lọ, tiyín ò dé ìdajì ìdajì ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí tí mo bá rí i. Ajẹ́ntì á ní "hundred by hundred". Ẹsẹ̀ bàtà nìyẹn o, kì í ṣe mítà! Kò tó 930 square mítà, hẹ́kítà kan sì jẹ́ 10,000, ẹ máa nílò bíi mọ́kànlá irú ẹ̀ kó tó pé. Ẹ dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi fóònù gba nọ́ńbà GPS ibẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún súfeyọ̀ tẹ́yin fúnra yín mú, kì í ṣe ti ajẹ́ntì, kó wò ó bóyá ìjọba ti gbà á fún títì tàbí wáyà iná.

Màmá Kéfi
Ìyá Ṣeun, ẹ pa á pọ̀ jàre, àmọ́ ẹ má bá ajẹ́ntì lọ gbafẹ́, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ dá lọ. Kẹ́ ẹ sì sùn nítòsí ilẹ̀ náà. Alẹ́ méjì lèmi àti bàbá àwọn ọmọ sùn nígbà tá à ń wá tiwa. Láàárọ̀ kùtù la gbọ́ ìró màlúù tó ń kọjá, ṣé ẹ rí i, orí burtali, ọ̀nà màlúù àtayébáyé, nilẹ̀ yẹn wà, kò sí ajẹ́ntì tó máa sọ ìyẹn fún yín. Èmi wá lọ ra ẹ̀pà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìdí kànga, mo jókòó tì wọ́n, a ń sọ Hausa, mi ò bi wọ́n nípa ilẹ̀ kankan. Àwọn fúnra wọn ló bi mí pé ṣé èmi ni ẹnì kẹta tó fẹ́ ra ilẹ̀ yẹn. Ẹnì kẹta o! Bá a ṣe pa dà lẹ́yìn ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń gbébẹ̀, ẹ má sì rìn lálẹ́. Ìwé tẹ́ ẹ bá máa gbà lọ́jọ́ iwájú, orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni kó wà níbẹ̀. Àǹtí mi, ẹ jọ kówó náà ni.

Ìyá Ṣeun Kúbwà
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí ọkọ mi lálẹ́ àná, nígbà tí mo dé ibi kaṣú irinwó ó dákẹ́. Sẹ̀tẹ́ńbà ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ Gurara nìkan, wọ́n ní omi ibẹ̀ máa ń pọ̀ lójò, òkèèrè la máa ti wò ó, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì la tó máa lọ rí ilẹ̀, a ti sọ fún ajẹ́ntì pé a ò ní mówó dání, ó ní kò burú. Ti Kwali la ti fi sílẹ̀, tá a bá gba ibẹ̀ lọ́jọ́ míì ìkòkò ni mo fẹ́ lọ wò, ìlú Ladi Kwali, obìnrin amọ̀kòkò tí wọ́n ya sẹ́yìn náírà 20, ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ lórí ìwé, ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó kà débẹ̀. Ó ti lọ ra bàtà òjò méjì lọ́jà Kúbwà láàárọ̀ yìí, tèmi fẹ̀ díẹ̀, mo máa wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i.